Ọmọ Tí Bàbá Rẹ Fún Atukọ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Wọ́n ti fún bàbá rẹ láyè di ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Bí ohun tí Atukọ̀ bá sọ nínú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ náà kò bá bá ohun tí bàbá rẹ ti sọ fún wa mu, yóò dìde lórí àga tó wà nítòsí tẹlifíṣọ̀n onígbàjámọ̀, kò sì ní jókòó síbẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹni tí iná ń jó létí aṣọ kì í kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ará ilé. Ní báyìí tí mo ti sọ ọ́, ó yá, ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Ọlọ́run tó jí ọ láàárọ̀ yìí kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ, ibi tí o bá ń wọ̀ kò ní jẹ́ ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń sá jáde, ẹni tó bá dúró dè ọ́ fún ibi yóò dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wú. Àwa náà wà. Ààrò búrẹ́dì ń jó dáadáa, òrùlé ẹ̀yìn ń jò, ológbò ti bímọ sínú àpò ìyẹ̀fun tó ṣófo.

O lè máa bi ara rẹ pé tẹlifíṣọ̀n wo, àga wo. Eré Adé Iyọ̀ ni, èyí tí à ń wò ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní gbogbo Sátidé. Ìlú kan wà láàárín adágún omi, Ayaba ibẹ̀ ń dé adé tí wọ́n fi iyọ̀ gbẹ́, òjò kò gbọ́dọ̀ kàn án, nítorí bí adé bá yọ́, agbára Ayaba tán nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ọ̀nà orí omi náà, òun ni Atukọ̀. Èdè òkèèrè ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ nínú wa àfi bàbá rẹ, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún dáná nínú ọkọ̀ ojú omi fún àwọn tó ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán, onígbàjámọ̀ á tẹ rìmóòtù, gbogbo wọn á dúró gbagidi pẹ̀lú ẹnu yíyà, bàbá rẹ á túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wa, a ó jiyàn, onígbàjámọ̀ á tún tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n máa lọ. Àánú wọn máa ń ṣe mí. Lọ́jọ́ kan a fi Ayaba sílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè títí aránbàtà fi jiyàn tán. Mo ní kí onígbàjámọ̀ máa jẹ́ kí wọ́n jókòó ná kó tó dá wọn dúró, ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò ṣe é. Nítorí ìjiyàn yìí, ẹni tó bá wá gẹrun lásìkò eré máa ń gbé ìdajì orí lọ sílé.

Ògbufọ̀ ni gbogbo wọn ń pe bàbá rẹ báyìí, orúkọ náà sì wọ̀ ọ́ lára. Láti ìgbà tí eékún rẹ̀ kò ti jẹ́ kó lè gbé àpò ìyẹ̀fun mọ́, Sátidé nìkan ló kù tó ń wẹ̀ láìjẹ́ pé mo sọ fún un, tó ń wá fìlà, tó ń bi mí bóyá ọrùn aṣọ òun dúró. Bí wọ́n bá gba àga yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò mọ ohun tí yóò tún mú un jáde nílé.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ rèé. Sátidé tó kọjá, Atukọ̀ ṣí ibodè fún àwọn ọ̀tá. Atukọ̀ o! Ẹni tí a ti ń gbàdúrà fún láti ìbẹ̀rẹ̀ eré. Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ẹní, ó ṣí ibodè omi, ọkọ̀ àwọn ọ̀tá wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n bá pa eré dé fún ọ̀sẹ̀ náà. Gbogbo wa figbe ta pọ̀. Aránbàtà ní òun ti mọ̀, pé láti ọjọ́ tí Atukọ̀ ti kọ̀ láti jẹun lábẹ́ òrùlé Ayaba ni àwọn tó ṣe eré náà ti ń ṣẹ́jú sí wa, àwa la ò rí i. Fọ́tò, ìyẹn ayàwòrán tó ń lo ìdajì ṣọ́ọ̀bù náà, ní irọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò ṣẹ́jú sí ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ju ọ̀rọ̀ náà lù wá lórí lójijì ni. Ó ní ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n fi tukọ̀ kọjá adágún, tí kò sí ẹni tó ṣe ju kó máa wo omi lọ, tí odidi ìlú wá ṣubú láàárín ìgbà tí èèyàn fi ń fi ọṣẹ sí irùngbọ̀n. Aránbàtà ní ohun tó ń jẹ́ sùúrù nìyẹn, pé eré gidi kì í sáré. Fọ́tò ní abájọ tí bàtà òun fi ń ṣe sùúrù lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Èmi náà dá sí i. Mo ní ìyẹ̀fun tí a pò, tí a fi sílẹ̀ kó wú, tó wú títí, tí a wá jù sínú iná líle lójijì, ẹ̀yìn rẹ̀ á jó, inú rẹ̀ á tutù. Onígbàjámọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má fi oúnjẹ ṣe àpèjúwe mọ́, ebi ń pa òun.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín parí sí. Ẹnì kan bi bàbá rẹ pé kí ló dé tí Atukọ̀ fi ṣí ibodè. Bàbá rẹ ní Atukọ̀ ti sọ ọ́ nígbà tó ń yí kọ́kọ́rọ́. Ó ní ọmọ òun wà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀tá, nínú ìlú ńlá tó wà lódìkejì omi, ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ ohùn rẹ̀ gbẹ̀yìn, bí òun kò bá sì ṣí ibodè, òun kò ní gbọ́ ọ mọ́ láéláé. Ọmọ mi, a sunkún. Aránbàtà fi aṣọ iṣẹ́ nu ojú, ó fi pólíìṣì bàtà kun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fọ́tò nìkan ni kò sunkún. Ó ní kí wọ́n má bínú o, ṣùgbọ́n òun ń wo ẹnu Atukọ̀ nígbà tó ń yí kọ́kọ́rọ́ náà, kò ṣí. Bàbá rẹ ní èdè náà jinlẹ̀, ìgbà mìíràn wà tí wọ́n ń fi imú sọ ọ́.

Fọ́tò bá yọ fóònù. Ó jọ pé àwọn tó ń wo Adé Iyọ̀ pọ̀ káàkiri ayé, gbọ̀ngàn kan sì wà nínú fóònù tí wọ́n ti ń pàdé láti jà. Mi ò mọ bí gbọ̀ngàn náà ti tóbi tó, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì yan alága. Fóònù náà ní ògbufọ̀ tirẹ̀ nínú tó ń sọ ọ̀rọ̀ wọn di èdè wa, kì í sinmi, kì í bèèrè omi. Fọ́tò kà á sókè. Ẹnì kan ní wúrà ni Atukọ̀ gbà. Ẹlòmíràn ní Ayaba ló rán an, ẹ̀tàn ogun ni. Òmíràn ní àwọn tó kọ eré náà ni iṣẹ́ ti sú. Kò sí ẹni tó dárúkọ ọmọ. Fọ́tò wá bi bàbá rẹ, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, pé ọmọ wo lẹ ń sọ, Bàbá. Bàbá rẹ ń wo tẹlifíṣọ̀n. Fọ́tò tún un bi. Bàbá rẹ kò dá a lóhùn, àwọn kan sì ń kùn pé ìgbéraga ni. Ìgbà tí Fọ́tò wá dúró síwájú rẹ̀ gan-an ló tó sọ pé àwọn tó wà nínú fóònù náà kò fetí sílẹ̀ dáadáa ni.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ yá fóònù náà lọ́wọ́ Fọ́tò kí n lè bá àwọn èèyàn gbọ̀ngàn sọ̀rọ̀ fúnra mi. Kò ṣe agídí, ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà, òótọ́ lòun ń wá. Mo kí wọn lápá ọ̀tún, mo kí wọn lápá òsì, mo ní èmi ni ìyàwó Ògbufọ̀, kí ẹni tó bá mọ ibi tí ọmọ Atukọ̀ wà jọ̀ọ́ kó wí. Ẹni tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn kò sọ nǹkan kan, ojú lásán ló gbé síbẹ̀, omi ń dà pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ lójú náà. Mo bá a kẹ́dùn. Òmíràn tún gbé irú rẹ̀ wá, mo bá òun náà kẹ́dùn, kó tó pẹ́ gbọ̀ngàn ti di ilé ọ̀fọ̀. Fọ́tò ní wọ́n ń rẹ́rìn-ín ni. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, mo ti rí omijé rí kí wọ́n tó bí i. Ẹnì kan wá bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé Atukọ̀ lọ́mọ. Mo ní ọmọ tèmi ń gbé nítòsí àwọn tó ń ṣe eré náà. Ọmọ mi, láti ìgbà náà ni wọ́n ti pín sí méjì níbẹ̀ náà, àwọn oníwúrà àti àwọn ọlọ́mọ, Fọ́tò sì ní àwọn ọlọ́mọ ń pọ̀ sí i.

Onígbàjámọ̀ ló wá dábàá pé kí wọ́n pe olùkọ́ kan wá. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi àbùkù kan bàbá rẹ, ó ní bí ìjà bá tún wọ ṣọ́ọ̀bù òun lẹ́ẹ̀kan sí i, abẹ wà níbẹ̀. Olùkọ́ obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sílé ẹ̀kọ́ kọ́ èdè náà ní yunifásítì. Lọ́jọ́ Sátidé yóò jókòó sódìkejì tẹlifíṣọ̀n. Bí Atukọ̀ bá sọ̀rọ̀, bàbá rẹ á túmọ̀ tirẹ̀, olùkọ́ á túmọ̀ tirẹ̀, bí ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bá jọra, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ni àga. Wọn ò tíì sọ ọ́ tán tí bàbá rẹ fi ní kí wọ́n mú olùkọ́ mẹ́wàá wá. Ó délé, kò jẹun.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí ọ. Nínú àwòrán tó o fi ránṣẹ́ sí wa, mo rí òpó gíga kan lẹ́yìn rẹ tó ní iná pupa lórí. Fọ́tò ní òpó tẹlifíṣọ̀n ni. A jẹ́ pé aládùúgbò yín ni Ayaba, o ò sì sọ fún wa. Lọ bá wọn. Má fi bàtà eléruku wọlé, kọ́kọ́ kí wọn, kó o tó sọ pé ìyá rẹ ló rán ọ. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí Atukọ̀ lọ́mọ. Kò ní ná wọn ní nǹkan kan, ọmọ náà kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ yọjú, kó sáà ti wà. Sọ fún wọn pẹ̀lú pé kí wọ́n máa lanu sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí bàbá rẹ ti ń ráhùn pé àwọn ará tẹlifíṣọ̀n ìsinsìnyí ń jẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu, onígbàjámọ̀ sì ń gbé ohùn rẹ̀ sókè fún un tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará òdìkejì títì fi ń wo eré náà láìrí i. Bí àyè bá wà, kí wọ́n rọra máa lọ. Mo di búrẹ́dì méjì mọ́ lẹ́tà yìí, ọ̀kan ni tìrẹ, ọ̀kan ni ti Atukọ̀. Má jẹ ti Atukọ̀.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ lórí fóònù. Bàbá rẹ máa ń jókòó tì mí ni, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́ pé mò ń bẹ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

Ohun tí mo kọ lókè yìí, Ọjọ́rú ni mo kọ ọ́. Ọjọ́bọ̀ la wà báyìí. Olùkọ́ náà wá bá mi nídìí ààrò lónìí, mo rò pé búrẹ́dì ló fẹ́ rà. Ó ní òun bẹ onígbàjámọ̀ kó tún fi eré tó kọjá han òun. Níbi tí Atukọ̀ ti ń yí kọ́kọ́rọ́, ó ní kò sọ nǹkan kan rárá, kò sí wúrà, kò sí ọmọ. Kò tíì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀dá kankan, ìparí eré náà sì fi hàn pé Sátidé ni Ayaba máa bi í. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, ẹ má bínú, Mà, ìgbà wo ni etí Bàbá ti ń ṣe wọ́n báyìí? Inú bí mi. Mo ní ọkọ mi ń gbọ́ràn bí ológbò, ẹnu àwọn ará tẹlifíṣọ̀n ni kò là. Ó ra búrẹ́dì, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó lọ.

Bàbá rẹ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo pè é, mo rò pé ó ń ro nǹkan. Mo mú páànù búrẹ́dì tó ṣófo, mo jù ú sórí sìmẹ́ńtì. Ológbò gbé ọmọ rẹ̀ kan, ó sá jáde. Ọmọ aládùúgbò ta jí lójú oorun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bàbá rẹ ń wo títì. Mo tún un mú, mo tún un jù sílẹ̀.

Ọmọ mi, gbogbo ìgbà tó o ń pè, tí bàbá rẹ ń ní kí n sáà bá òun kí ọ, tí kì í gba fóònù lọ́wọ́ mi, o bi mí lóṣù tó kọjá pé kí lo ṣe fún un tó fi ń bínú sí ọ, mo ní ọ̀rọ̀ àgbà ni, kó o fi sílẹ̀. Kò bínú sí ọ. Mo sọ lókè pé mi ò lè pè ọ́ nítorí pé ó ń jókòó tì mí. Mo ti wá mọ̀ pé mo lè sọ ohunkóhun tó bá wù mí. Mo mú fóònù lọ́sàn-án yìí láti pè ọ́, ó yíjú, ó ń wo ẹnu mi, mo bá gbé fóònù náà sílẹ̀. Mi ò tíì sọ fún un pé mo mọ̀.

Mo lọ bá olùkọ́ náà nílé. Ó bi mí pé báwo ni kí òun ṣe é lọ́jọ́ Sátidé, pé òun lè túmọ̀ rẹ̀ bí Bàbá bá ṣe túmọ̀ rẹ̀, ta ni yóò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi dé eegun. Mo ronú lé e. Mo ní kó sọ ohun tó bá gbọ́. Èmi ni mò ń ṣe búrẹ́dì tí bàbá rẹ ń jẹ, mo mọ irú èyí tí kò lè gbé mì.

Ní ti owó, èyí tó o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá dé. Fóònù ló sọ fún mi, mo wá lọ sí báńkì láti wò ó bóyá ó dé láyọ̀. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní ó wà. Mo ní kó jẹ́ kí n fojú kàn án. Ó ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó fi nọ́ńbà kan hàn mí lójú gíláàsì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ńbà náà, mo padà sílé. Fi díẹ̀ kún un lóṣù yìí, ìyẹ̀fun ti wọ́n, a sì ń dáwó epo jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀. Olùkọ́ ní ohun kan wà tó kéré bí ẹ̀wà, tí wọ́n ń fi sínú etí, tó ní bátìrì bíi ti rédíò. Mo bi í bóyá yóò máa gbé ìpolówó ọjà wọlé, torí bàbá rẹ kò fẹ́ràn rẹ̀, ó ní rárá. Bá mi bèèrè iye rẹ̀. Má tíì rà á, má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò tíì gbà pé ara ń ro òun, a kì í gbé oògùn wá bá a ní gbangba.

Omi tí o bá wọ̀ kò ní ga ju ọrùn ẹsẹ̀ rẹ lọ. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn, ẹni rere ni yóò wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá pè wá, ẹni tó yẹ kó gbọ́ ohùn rẹ yóò gbọ́ ọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ.

Mo tún tú lẹ́tà yìí. Táyà ọkọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì lọ sí ìlú bẹ́ lánàá, ìsinsìnyí ni awakọ̀ fẹ́ gbéra, Sátidé ti dé, ìrọ̀lẹ́ sì ti ń lẹ́. Lẹ́tà kò ní bá ọ kí Atukọ̀ tó sọ̀rọ̀. Jẹ búrẹ́dì méjèèjì.

Ìta fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ni mo dúró sí, mo fi pákó fèrèsé ṣe tábìlì. Inú ti kún, àwọn èèyàn jókòó sórí àpótí ọṣẹ. Olùkọ́ wà lápá òsì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún. Fọ́tò fúnra rẹ̀ ló nu àga bàbá rẹ, ó tẹ́ tìmùtìmù lé e, ó ní kí Bàbá jókòó dáadáa. Onígbàjámọ̀ ti gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè débi tó lè dé, gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi. Orin ìbẹ̀rẹ̀ ń dún, àwọn ọmọ tó wà lójú títì ń bá a kọ ọ́. Bàbá rẹ yíjú wá mi lójú fèrèsé, ó ń bi mí bóyá wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mi orí fún un pé bẹ́ẹ̀ ni.

Awakọ̀ ń fọn fèrè kí n mú lẹ́tà wá. Orin ti parí. Ayaba ti dúró síwájú Atukọ̀, ó ti bi í. Atukọ̀ kò tíì lanu.